Oṣù Kan Tí Gíláàsì Kò Gbọdọ̀ Wálẹ̀

Abúlé Dolgae,
Goheung.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún.

Aya ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Garam,

Mo kí ọ o. Mo kí Changu ọkọ rẹ, mo sì kí Garam ọmọ-ọmọ mi. Mo lérò pé ara gbogbo yín le, pé afẹ́fẹ́ ìlú Ulsan bá yín lára mu, pé iṣẹ́ kò sì gba gbogbo okun yín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ìyá ọkọ rẹ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn ún rárá, ó ń fi bá mi wí láàárọ̀ àti lálẹ́. Aáyù ọdún yìí ta dáadáa. A ti hú ju ìdajì lọ, ìyókù ń dúró de ẹ̀yìn mi tó ń ro mí.

Fìlà tí o fi ránṣẹ́ sí mi fún Ọjọ́ Àwọn Òbí ti dé, ìbọ̀sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ náà sì dé. Tirẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ní tèmi, mo ka ohun tí o kọ sínú káàdì, pé, "Bàbá, kí oòrùn má baà ba ojú yín jẹ́ lóko," mo sì dá fìlà padà sínú páálí rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe fìlà. Fìlà tó dára ni. Èmi ni nǹkan ń ṣe, mi ò sì tíì lè gbé e lórí.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu láti rí ìwé láti ọ̀dọ̀ mi. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ mi kì í ju mẹ́ta lọ: Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé òjò rọ̀ lọ́hùn-ún? Ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi yìí, mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì láti sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ tí o ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o," màá gbé fóònù fún ìyá ọkọ rẹ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ ń kó ẹrù lọ ní oṣù kejì? Changu ń so okùn mọ́ ẹrù lórí ọkọ̀, ìwọ wá bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń ṣe bí ẹni ń to igi ìdáná. O ní, "Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún àwọn ìyá abúlé yìí. Tí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí n má baà tún lọ ṣe é níbi tí mò ń lọ." Mo dá ọ lóhùn pé kò sí nǹkan kan, pé bí àwọn arúgbó ṣe ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni. Mo ti mọ̀ ọ́n kí o tó bèèrè. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Garam gba fóònù lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ, ó ní kí wọ́n gbé bàbá àgbà fún òun. Ó ń ròyìn lífíìtì ilé yín fún mi, bó ṣe ń sáré gòkè. Ó wá ní, "Bàbá àgbà, Màmá kì í kí àwọn tó wà nínú lífíìtì mọ́ o. Wọ́n ní kí èmi náà máa wo ilẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kí wa kọ́kọ́ kí wa." Ìwọ ni wọ́n ń sọ yẹn? Ìwọ tó ń kí ajá onílé kí o tó kí onílé? Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ìwé yìí, mo sì ti ya bébà mẹ́ta dànù.

Ìyá Garam, gbọ́. O kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ létí ara mi. Nígbà tí o ra ọkọ̀ kékeré funfun yẹn, tí o fi owó ọwọ́ rẹ rà á láti ibi iṣẹ́ èso ọsàn, tí o ń wà á lọ tí o ń wà á bọ̀, kò sí àárọ̀ kan tí o kọjá níwájú àgọ́ ìsinmi abẹ́ igi tí o kò rọra, tí o kò yí gíláàsì wálẹ̀, tí o kò kí àwọn ìyá tó jókòó síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ìyá Nokdong, ṣé ẹ ti jẹun? Ìyá Bukchon, orúnkún ńkọ́?" Ohun tí ará Dolgae máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá wakọ̀ kọjá àgbà láìyí gíláàsì wálẹ̀ láti tẹrí ba, bí ìgbà tó fi ẹsẹ̀ rin kọjá tí kò kí wọn ni. O kò bá a nílùú tìrẹ, a kò sì kọ́ ọ. O kàn wò wá, o sì ṣe é ju àwa lọ. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti fi orúkọ ìlú rẹ lókè òkun pè ọ́, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ní orúkọ ibi tí wọ́n ti wá lọ́kọ. Ìyá Kantho. Èmi gbọ́ ọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Nokdong pè é, wọ́n ń pè é bí ẹni tó ti wà ní abúlé fún ogójì ọdún.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn pẹ̀lú, títí di ọjọ́ ọjà kan ní oṣù kẹjọ tí mo lọ gẹrun ní ìgboro. Mungap wà níbẹ̀, èmi àti ẹ̀ jọ ṣe ológun láyé ọjọ́sí, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Ó ní, "Panseok, mo rí ìyàwó ilé yín tí ẹ fi ọkọ̀ òfúrufú gbé wá yẹn. Ó yọ orí síta láti ojú wíńdò, ó ń juwọ́ bí ẹni ń du ìbò. Ṣé òun ni yóò jẹ olórí abúlé yín lọ́dún tó ń bọ̀ ni? Ta wá ni baálé ní ilé yín báyìí?" Gbogbo ilé onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ní, "Ìyàwó ọmọ mi lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, Mungap, pa ẹnu rẹ dé." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Mo rẹ́rìn-ín, ìtìjú sì ń jẹ mí, kì í ṣe ìtìjú Mungap, ìtìjú tìrẹ ni. Ọlọ́run jọ̀wọ́ foríjì mí, ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn.

Kí n tó délé, mo yà sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọkọ̀, mo ra tíǹtì, ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí ènìyàn fi ń dá oòrùn dúró tí ojú awakọ̀ sì ń hàn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tó dúdú jù lọ ni mo gbé. Mo délé, mo sọ fún ọ pé oòrùn ọdún yìí ti pọ̀ jù, pé ó ń ba ara rẹ jẹ́, pé ojú Garam náà kò fẹ́ ẹ. Omi lé sí ọ lójú. O ní láti ìgbà tí o ti kúrò nílé baba rẹ, kò sí ẹni tó ro ti ara rẹ tó bẹ́ẹ̀ rí.

A lẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, nínú àká aáyù, torí pé eruku kò gbọdọ̀ bà lé e. Mo wọ́n omi sílẹ̀. Mo fọ gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi abẹ ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ di ike ìfọ́nmi mú, o ń fọ́n omi ọṣẹ, èmi ń gé tíǹtì ní ìwọ̀n wíńdò kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ẹ̀rọ tí ìyá ọkọ rẹ fi ń gbẹ irun yọ́ ọ kí ó lè tẹ̀ bí gíláàsì ṣe tẹ̀. Ìwọ lo fi èékánná ṣí ọ̀rá tó bo ojú àtè rẹ̀, torí èékánná tèmi ti le bí pátákò màlúù. Nígbà tí mo ń fi rọ́bà ti omi jáde, ibì kan wú nínú wíńdò ẹ̀yìn bí ara tí omi gbígbóná dà sí, o sì ń rẹ́rìn-ín pé, "Bàbá, ó ti lóyún." Mo rẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ọjọ́ tí èmi àti ìwọ jọ ṣiṣẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí nísinsìnyí. Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí o ń sọ fún ìyá rẹ lórí fóònù ní èdè yín. Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "appa", bàbá ní èdè tiwa, orúkọ tí o ń pè mí, lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìwé tó wà nínú páálí tíǹtì ní kí a má ṣe yí gíláàsì wálẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kí àtè lè gbẹ. Ọjọ́ márùn-ún péré. Èmi sọ fún ọ pé oṣù kan ni. Mo ní bí o bá yí i wálẹ̀ kí oṣù kan tó pé, gbogbo iṣẹ́ wa yóò ká kúrò. Mo ká ìwé náà sínú àpò mi, mo fi dáná. O sì gbà mí gbọ́, torí èmi ni bàbá ọkọ rẹ.

Báyìí ni o ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ tí o ń bọ̀ fún odindi oṣù kan nínú ọkọ̀ tó dúdú, tó sé pa. O ń jáde nígbà tí àwọn ìyá ṣì wà ní àgọ́, kí wọ́n tó lọ sí gbọ̀ngàn abúlé, o ń wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ sílé, ilé wa sì wà lókè lọ́hùn-ún. Ojú ọ̀nà nìkan ni ẹ ti ń pàdé. Changu wà lórí omi pẹ̀lú àwọn tó ń gbin ewé òkun, kò mọ nǹkan kan.

Èyí tó burú jù nìyí. Ọjọ́ ọjà kan, èmi àti ìwọ jọ wà nínú ọkọ̀ náà. A dé ibi àgọ́. Mo rí ọ tí o rọra, tí o fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọkọ̀ mú, tí o tẹrí ba títí iwájú orí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ rẹ, tí o ń sọ nínú ọkọ̀ tó sé pa yẹn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Nokdong, ṣé ẹ ti jẹun?" Àwọn ìyá náà ń wo gíláàsì dúdú. Kò sí ẹni tó mi orí. O bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ń rí mi ṣá?" Láti inú lọ́hùn-ún, ojú ìta mọ́ kedere, ta ni yóò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìta? Èmi mọ̀. Mo ní, "Wọ́n ń rí ọ."

Lẹ́yìn náà, Ìyá Nokdong fúnra wọn ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá wá sí oko mi. Wọ́n rìn gba gbogbo òkè yẹn ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Wọ́n ní, "Bàbá Changu, kí la ṣe fún ìyàwó yín? Gíláàsì rẹ̀ kì í wálẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́ lẹ́nu wa, sọ fún wa ká lọ bẹ̀ ẹ́." Wò ó, ọmọ mi, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo ní, "Bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe rí nìyẹn. Tí wọ́n bá ti rí owó díẹ̀, ojú wọn á kúrò nílẹ̀." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, nípa rẹ. Bí mo bá sọ òtítọ́, wọn yóò bi mí ìdí tí mo fi sé ọ mọ́nú gíláàsì, mi ò sì ní ìdáhùn tó ṣe é sọ lójú àgbà. Àti pé, kí n má fi ọ̀kan pamọ́, Mungap kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà, ara sì tù mí.

Nígbà tí oṣù kan pé tí o yí gíláàsì wálẹ̀, ojú wọn ti yí. O kí wọn, wọ́n ń wo òkun. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí gbogbo obìnrin abúlé péjọ láti ṣe kimchi, ewébẹ̀ aláta tí a ń tọ́jú de òtútù, olórí abúlé kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ lo wà, o kò gbọ́. Kò sì sí ẹni tó pè ọ́ bíi ti ọdún tó kọjá. O dé, o gbọ́ òórùn ata, o gbé ìbọ̀wọ́ rọ́bà pupa rẹ, o sáré lọ sí gbọ̀ngàn. Mo wà níwájú ilé, mo rí ọ tí o padà bọ̀. O lọ sídìí ẹ̀rọ omi, o ń fọ ìbọ̀wọ́ náà. Kò sí ata kankan lára rẹ̀. O fọ̀ ọ́ pẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń bá Changu sọ̀rọ̀ Ulsan.

Mo ti tú tíǹtì náà kúrò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Garam. Ọkọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa, mo gbé e wọ àká, mo fi ẹ̀rọ gbígbẹ irun mú un gbóná, mo ń ṣí i láti igun. Ó rọrùn láti lẹ̀ ju láti ṣí lọ. Àtè rẹ̀ kù sára gíláàsì, mo fi ọṣẹ àti abẹ ha á títí ìka mi fi bó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà á sọ̀kalẹ̀ lọ sí àgọ́. Ìyá Garam, bí wọ́n ṣe rí i tí ọkọ̀ funfun náà yọ ní kọ́nà, tí gíláàsì rẹ̀ sì mọ́, àwọn ìyá mẹ́rin náà dìde. Ìyá Bukchon tí orúnkún wọn kì í gbà dìde dìde. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Ìgbà tí mo súnmọ́ wọn ni wọ́n rí i pé èmi ni, ọwọ́ wọn sì wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, lórí ìdúró, láti ilé onígbàjámọ̀ títí dé orí ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Ìyá Nokdong lóko. Nígbà tí mo parí, Ìyá Nokdong ní, "Ó ń kí wa?" Mo ní ó ń kí yín. "Lójoojúmọ́?" Mo ní lójoojúmọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n sì dojú kọ ibòmíràn. Láti ìgbà náà, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, mò ń gbabẹ̀ kọjá, mò ń bọ́ fìlà àtijọ́ mi, mò ń kí wọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń dáhùn. Ìyá ọkọ rẹ ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Èmi kò sì ráhùn, nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni tèmi, mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Ìwọ jẹ ẹ́ láti ìkórè títí dé òtútù, o kò sì mọ ohun tí o ṣe. Ní alẹ́, mo máa ń bi ara mi bí o ṣe rù ú.

Mi ò kọ ìwé yìí pé kí ẹ padà wálé. Changu ti ríṣẹ́, Garam ti lọ́rẹ̀ẹ́, mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi béèrè. Mi ò tilẹ̀ ní kí o foríjì mí lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Lọ́la, tí o bá wọ lífíìtì, kí ẹni tó bá wà níbẹ̀, bí o ṣe ń kí wa. Kí ó gbọ́, kí Garam náà gbọ́. Bí ẹnì kan kò bá sì dá ọ lóhùn, má ṣe wo ara rẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló dúró sí àárín yín.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe já sí asán. Kí ọmọ tí o bí tọ́jú rẹ jù bí àwa ti tọ́jú rẹ lọ, kí àlejò má sì ṣe jẹ́ orúkọ rẹ mọ́ níbikíbi tí o bá dé.

Èmi ni bàbá ọkọ rẹ, tí ojú ń tì,
Tak Panseok.

Mo tún rántí: Changu kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ rẹ ti ka ìwé náà, ó sì ti kó ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọmọ mi tó bá pè lọ́jọ́ Àìkú. Bí ó bá bínú sí mi, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bá mi pẹ̀tù sí i.